Àtàǹpàkò Tó Wà Lára Àbẹ́là

Àwọn tí kò sí níbẹ̀ ló ń sọ̀rọ̀ jù. Láti ọjọ́ Sátidé tí a ṣèpàdé ní Ìwáyà, mo ti gbọ́ ọ ní Tejúoṣó pé Ẹnjiníà Ọláìtán gba rìbá, mo ti gbọ́ ọ lọ́dọ̀ onígbàjámọ̀ pé kọ̀ǹpútà ló purọ́, ẹnì kan tilẹ̀ búra lójú mi pé ọ̀sà ló ń bínú. Mo dákẹ́. Dídákẹ́ ni iṣẹ́ tí mo mọ̀ ọ́n ṣe jù láyé mi. Ṣùgbọ́n ọkàn mi ti ń sáré ju bó ti yẹ lọ, dókítà sì ti ní kí n má gbé ohun tó wúwo mọ́. Kò mọ̀ pé èyí tó wúwo jù nínú ẹrù mi kì í ṣe irin. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ti rí, kí n má fi ẹyọ kan pamọ́. Lẹ́yìn náà, ojú tó bá wù yín ni kí ẹ fi wò mí.

Ilé kan náà ní Múṣín ni wọ́n ti tọ́ èmi Àbdùlsàmàd, tí wọ́n ń pè ní Sàmàdù, àti Ọláìtán dàgbà, kíláàsì kan náà la sì wà nílé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. A wà ní kíláàsì kẹrin lọ́jọ́ tí bọ́ọ̀lù fọ́ aago ògiri tó wà ní ọ́fíìsì ọ̀gá ilé ìwé. Ọláìtán ló gbá a. Èmi ni wọ́n bá lẹ́bàá fèrèsé, nítorí èmi ni mo sáré lọ mú bọ́ọ̀lù. Ọ̀gá pe Ọláìtán, ó ní, “Ìwọ lo wà níbẹ̀, ta ló ṣe é?” Ọláìtán wo ilẹ̀. Kò ní èmi ni, kò sì ní òun ni. Wọ́n nà mí níwájú gbogbo ilé ìwé, wọ́n ní kí bàbá mi wá ra aago mìíràn. Bàbá mi kò rí owó aago. Ó ní, “Bí ìwé bá ti sọ ẹ́ di ẹlẹ́bi, wá kọ́ṣẹ́.” Ó fà mí lé agbẹ́kànga kan lọ́wọ́. Bí mo ṣe kúrò nílé ìwé nìyẹn, títí dòní.

Ẹ lè ní, nítorí aago? Bẹ́ẹ̀ ni, nítorí aago. Èmi kì í gbàgbé. Àwọn kan a máa tọ́jú fọ́tò, ìbínú lèmi ń tọ́jú. Mo ń nù ún, mo ń fi epo pa á, ó sì ń dán.

Ọláìtán kàwé títí ó fi di ẹnjiníà ilẹ̀. Ó ṣí ọ́fíìsì sí Èbúté Mẹ́ta, ó sì wá mi kàn nínú kànga tí mo ń gbẹ́. Ó dúró lórí, ó ń pè mí: “Sàmàdù! Gòkè wá. Ọwọ́ ẹ mọ ilẹ̀, wá bá mi ṣiṣẹ́.” Mo bá a lọ. Ẹ má rò pé ìfẹ́ ni. Ẹni tó bá rí ejò nínú àjà kì í fẹ́ jìnnà sí yàrá yẹn, ó fẹ́ mọ ibi tó bá fi orí sí.

Iṣẹ́ wa ni pé kí ẹnikẹ́ni tó kọ́ ilé ńlá tàbí bèbè, àwa la ó kọ́kọ́ débẹ̀. A ó gbẹ́ ihò tó jìn, a ó fi páìpù irin mú ilẹ̀ wá láti ìsàlẹ̀, a ó sì fi àbẹ́là yíyọ́ dí ẹnu páìpù náà lókè àti nísàlẹ̀ kí omi ara ilẹ̀ má baà gbẹ. Lẹ́yìn náà ni a ó so páálí kékeré mọ́ ọn, tí a kọ orúkọ àdúgbò sí. Èmi ni mo máa ń yọ́ àbẹ́là. Kó tó dì tán, mo máa ń fi àtàǹpàkò mi tẹ̀ ẹ́ kó lè jókòó dáadáa. Ẹnikẹ́ni kò kọ́ mi. Ojú àtàǹpàkò náà a sì wà níbẹ̀ bí èdìdì. Ọláìtán fẹ́ràn rẹ̀ débi pé ó ṣòfin: “Páìpù tí kò bá ní àtàǹpàkò Sàmàdù, ẹ má gbé e wọ yàrá àyẹ̀wò.”

Kí ló ń fi èsì àyẹ̀wò ṣe? Ó ní ètò kan lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀. Yóò sọ fún un pé irú yẹ̀pẹ̀ báyìí ló wà lókè, irú báyìí ló wà nísàlẹ̀, bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe le tó rèé, ibi tí omi wà rèé. Yóò wá mú ìmìtìtì ilẹ̀ kan tó ti ṣẹlẹ̀ rí nílùú òkèèrè, yóò fi gbọn ilẹ̀ náà lójú kọ̀ǹpútà. A ó máa wò ó bí ilẹ̀ ti ń jó láti ìsàlẹ̀ wá sókè. Èyí tó le yóò ní àwọ̀ ewé. Iyanrìn tó mu omi yó yóò pọ́n, ìyẹn ni pé bí ilẹ̀ bá mì lóòótọ́, yóò di ògì lábẹ́ ẹsẹ̀ èèyàn, ohun tí wọ́n kọ́ lé e yóò sì rì. Najeem, àbúrò tí a jọ ń gbẹ́lẹ̀, ló sọ ètò náà ní Wòólì, ó ní torí pé ó ń ríran. Ṣùgbọ́n wòólì yìí kò lójú tirẹ̀. Ohun tí a bá kì sí i lẹ́nu ló fi ń ríran.

Nígbà tí ilé iṣẹ́ kan fẹ́ kó bèbè yẹ̀pẹ̀ gíga sẹ́bàá ọ̀sà ní Ìwáyà, kí wọ́n da iyanrìn sẹ́yìn rẹ̀, kí wọ́n sì kọ́lé sórí iyanrìn náà, àwọn tó fẹ́ yá wọn lówó ní àfi kí Wòólì kọ́kọ́ gbọn bèbè náà wò. Najeem rẹ́rìn-ín títí. “Ìmìtìtì ilẹ̀ ní Èkó! Àfi tó bá jẹ́ jẹnẹrétọ̀ ará òkè ilé mi ni wọ́n ń wí.” Àwọn onílé iṣẹ́ náà wá sí ọ́fíìsì wa lọ́jọ́ kan. Ìyáàfin Tèmídayọ̀, tó jẹ́ ọ̀gá wọn, gbé páìpù kan, ó ń wo àbẹ́là rẹ̀. Ó ní, “Ẹnjiníà, ta ló ń buwọ́ lù ú báyìí?” Ọláìtán gbá mi léjìká. “Sàmàdù wa ni. Kò nílò bírò, àtàǹpàkò ló fi ń kọ̀wé.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Najeem náà rẹ́rìn-ín. Mo mọ orúkọ mi kọ o. Mo lè ka ìwé ìròyìn, bí ẹnu mi tilẹ̀ ń tẹ̀ lé e díẹ̀díẹ̀. Ta ló sì gba bírò lọ́wọ́ mi? Ẹ̀rín wọn kò tíì tán tí mo ti mọ ohun tí mo máa ṣe.

A ti gbẹ́lẹ̀ ní Ìwáyà nígbà náà, a sì ti gbẹ́ ti ọkùnrin kan tó fẹ́ kọ́ ilé alájà ní Surulere. Àwọn páìpù iṣẹ́ méjèèjì wà ní ẹ̀yìnkùlé ọ́fíìsì. Ilẹ̀ Surulere yẹn pupa, ó le bí bíríkì. Ti Ìwáyà jẹ́ iyanrìn dúdú tó kún fún omi, tó ń yọ̀ bí ilá. Ọjọ́ Jímọ̀ ni. Gbogbo wọn lọ kírun, mo ní ọrùn ẹsẹ̀ ń dùn mí. Mo ń gbọ́ ohùn lèmọ́mù láti mọ́ṣáláṣí ìsàlẹ̀ àdúgbò, bẹ́ẹ̀ ni mo jókòó sórí àpótí, mo ń tú okùn páálí. Mo so ti Ìwáyà mọ́ Surulere, mo so ti Surulere mọ́ Ìwáyà. Ọwọ́ mi kò tilẹ̀ gbọ̀n. Ìyẹn ló ń bà mí lẹ́rù jù tí mo bá rántí.

Ohun tí mo ń rò ni pé Wòólì yóò sọ ìsọkúsọ. Ta ni kò mọ ẹrẹ̀ Ìwáyà? Tí Ọláìtán bá gbé e dé iwájú wọn pé ilẹ̀ Ìwáyà le bí òkúta, wọn a fi ṣe yẹ̀yẹ́, èmi a sì dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, màá máa gbádùn ẹ̀rín wọn. Gbogbo ohun tí mo fẹ́ nìyẹn, kí wọ́n rẹ́rìn-ín rẹ̀ bí wọ́n ṣe rẹ́rìn-ín mi.

Èsì dé. Ọláìtán fúnra rẹ̀ jáde wá bá mi ní ẹ̀yìnkùlé, ó bọ́ awò ojú rẹ̀. Ó ní, “Sàmàdù, ẹrẹ̀ Ìwáyà yìí, ṣé lóòótọ́ ni ilẹ̀ abẹ́ ẹ̀ le tó báyìí? Ọkàn mi ò balẹ̀. Mo fẹ́ ká padà lọ gbẹ́ ẹ.”

Ọlọ́run ló ṣílẹ̀kùn yẹn fún mi. Bí mo bá ti ní, “Jẹ́ ká lọ,” ọ̀rọ̀ bùṣe, ẹnikẹ́ni kì bá tí mọ̀. Ṣùgbọ́n ó dúró lórí mi gẹ́gẹ́ bó ṣe dúró lórí kànga ọjọ́sí, mo sì rántí bó ṣe wo ilẹ̀ níwájú ọ̀gá ilé ìwé. Mo gbójú sókè. Mo ní, “Ohun tí mo bá nísàlẹ̀ ni mo gbé wá. Àbí àtàǹpàkò mi ò dá ẹ lójú mọ́?”

Ojú tì í. Ó ní, “Má bínú. Tó bá ti jẹ́ ọwọ́ ẹ, ó tán.”

Ẹ̀yin èèyàn, pípààrọ̀ páálí kọ́ ni ìwà mi tó burú jù. Gbólóhùn yẹn ni. Ìbínú lè pààrọ̀ páálí. Ẹni tí wọ́n bá fún láyè láti padà, tó sì kọ̀ ọ́, kí la fẹ́ pè é?

Ẹnikẹ́ni kò fi Ọláìtán ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n gbà á gbọ́ pátápátá. Onílé Surulere ráhùn pé wọ́n ní ilẹ̀ òun rọ̀, ó fi irin tí kò nílò kún ìpìlẹ̀ rẹ̀. Àwọn ti Ìwáyà ní tiwọn yọ̀, wọ́n ní owó ti dínkù, wọ́n dín irin kù, wọ́n kó bèbè wọn, wọ́n kọ́lé sẹ́yìn rẹ̀, èèyàn sì ń kó wọ ibẹ̀. Ẹ̀san mi di òkìkí fún Ọláìtán. Èmi, mo jèrè ẹ̀rù.

Yàrá mi ní Èbúté Mẹ́ta kò jìnnà sí ojú irin. Tí rélùwéè bá ń kọjá, omi inú ife mi a máa gbọ̀n. Tẹ́lẹ̀, mi kì í kíyè sí i. Ó wá di pé tí mo bá ti rí i, mo ti rí ilé tó ń rì, mo ti rí ọwọ́ èèyàn lókè ẹrẹ̀. Mo ń mu omi nínú agolo kí n má baà rí inú rẹ̀. Òórùn àbẹ́là ń lé mi sá. Bí iná ẹlẹ́ńtíríkì bá lọ, inú òkùnkùn ni mo ń jókòó sí. Ṣé mo wá lọ sọ fún un? Rárá. Ọgbà ẹ̀wọ̀n ń bà mí lẹ́rù, àti pé, kí n má purọ́ mọ́, mi ò fẹ́ kí Ọláìtán rí mi lórí ìkúnlẹ̀.

Ìgbà náà ni Jemilat, ọmọ mi kan ṣoṣo, ní òun àti Habeeb ọkọ òun ti gba ilé ní Ìwáyà, lẹ́yìn bèbè. Aṣọ ilé ìwé ló ń rán. Mo bá a nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀.

“Ẹ má kó lọ síbẹ̀,” ni mo wí.

“Kí ló dé, Bàbá mi?”

“Ilẹ̀ ibẹ̀ ò dáa.”

“Ẹnjiníà Ọláìtán ti ní ó dáa.”

“Mo ní kò dáa!”

Ó fi téèpù kọ́ ọrùn, ó ń wò mí bí ẹni ń wo ọmọ tó ń ṣagídí. “Bàbá mi, ẹ má bínú o. Tí Ẹnjiníà Ọláìtán bá ní oòrùn ló ń ràn, ẹ̀yin á ní òṣùpá ni. Torí aago tó ti fọ́ kí wọ́n tó bí mi, ẹ fẹ́ ká máa fún ara wa pa nínú yàrá kan ní Múṣín?”

Ìbínú tí mo tọ́jú ti bo ẹnu mi pa. Bí mo bá ní iná ń jó, wọn a ní Sàmàdù ò fẹ́ràn ẹni tó ni ilé ni. Wọ́n kó lọ. Ó bímọ síbẹ̀.

Lọ́dún yìí, àwọn kan fẹ́ kọ́ ilé gíga sẹ́gbẹ̀ẹ́ bèbè náà. Wọ́n gbé ẹ̀rọ tó ń gbá irin wọlẹ̀ wá, wọ́n dán òòlù rẹ̀ kékeré wò lọ́sàn-án ọjọ́ Tọ́sìdeè kan. Iwájú ilé Jemilat ni mo jókòó sí, mo gbé ọmọ rẹ̀ lé ẹsẹ̀. Gbì! Gbì! Gbì! Mo gbọ́ ọ lábẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀ kí n tó fi etí gbọ́ ọ. Ilẹ̀ rọ̀. Omi ta jáde lábẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ Jemilat, ó ń tu iyanrìn dúdú kíkúnná lẹ́nu, iyanrìn náà ń ga bí ilé èèrà, ẹsẹ̀ ẹ̀rọ ìránṣọ kan sì rọra rì sínú rẹ̀.

“Yéè, páìpù omi ti bẹ́,” ni Jemilat wí.

Páìpù omi kan kò gba ibẹ̀ kọjá.

Mo sáré tọ Ọláìtán lọ. Mo ní, “Má jẹ́ kí wọ́n gbá irin yẹn! Wọ́n ní èyí tó tóbi ló ń bọ̀ lọ́jọ́ Mọ́ńdè.” Ó ní àwọn ará ibẹ̀ ti pe òun, òun sì ti kó gbígbọ̀n òòlù náà sínú Wòólì. Ó yí kọ̀ǹpútà sí mi. Àwọ̀ ewé láti òkè délẹ̀. “Wò ó, kò sí pupa níbẹ̀. Iyanrìn òkè lásán ló ta jáde. Ṣebí ìwọ lo gbé ilẹ̀ yìí wá fún mi?” Mo kọjú sí ilẹ̀kùn, mo jáde. Mo tún bẹ̀rù fún ìgbà ìkẹyìn.

Kí n tó sọ ìyókù, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń gbé ìbínú pamọ́ bí wúrà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tètè bá ẹni tó ṣẹ̀ yín jà. Ẹ pariwo lé e lórí, ẹ bú u, kó bú yín. Ìbínú tó bá pẹ́ nínú ilé kì í pa ẹni tí a tọ́jú rẹ̀ dè. Ẹni tó bá sún mọ́ ọn ló ń pa.

Lọ́jọ́ Sátidé, ẹgbẹ́ onílé pe ìpàdé lábẹ́ ibòji kan nítòsí bèbè. Wọ́n ta aṣọ funfun, Ọláìtán fi àwòrán Wòólì hàn wọ́n lára rẹ̀, ilẹ̀ Ìwáyà ń jó pẹ̀lú àwọ̀ ewé, gbogbo ènìyàn ń mí kanlẹ̀. Alàgbà Bámidélé, alága wọn, ní, “Ó dáa, kò séni tó ń kó lọ síbì kankan. Ká ṣàdúrà ìparí.” Mo dìde. Mo ní, “Ẹ kó kúrò! Kó tó di Mọ́ńdè, ẹ kó kúrò!”

Obìnrin kan tó ń jẹ́ Fadilah pàtẹ́wọ́. “Bàbá Jemilat ti dé o! Ẹ bá wọn wá aago wọn o!” Ẹ̀rín sọ. Jemilat bojú rẹ̀ nínú aṣọ tó fi pọn ọmọ.

Ọláìtán nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó gbọ́wọ́ sókè. “Ẹ dákẹ́. Èmi ni mo fọ́ aago yẹn. Ẹ̀rù bà mí, mo jẹ́ kí wọ́n nà án, mo jẹ́ kí wọ́n lé e. Mo gbà á síṣẹ́, mo rò pé ìyẹn ti tó, mi ò sì bẹ̀ ẹ́ rí.” Ó ṣí fìlà, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún mi lórí iyanrìn, pẹ̀lú aṣọ funfun ọrùn rẹ̀. “Sàmàdù, dárí jì mí.”

Ohun tí mo ti ń dúró dè láti kékeré dé lọ́jọ́ tí mi ò lè gbà á. Bí ẹni pé ó wó ògiri tí mo fara pamọ́ sí lẹ́yìn, mo wà ní gbangba.

Kò tíì dìde, ó na ọwọ́ sínú àpò rẹ̀ tó wà nílẹ̀, ó mú páìpù kan jáde. “Mo máa ń tọ́jú ọ̀kan nínú gbogbo iṣẹ́ wa. Èyí ni ilẹ̀ yín, ẹ wo àtàǹpàkò ọkùnrin yìí lára ẹ̀. Tí ẹ ò bá gba kọ̀ǹpútà gbọ́, ẹ gba ọwọ́ yìí gbọ́.”

Mo gba páìpù náà. Mo fi àtàǹpàkò mi sí ojú rẹ̀ lára àbẹ́là, ó wọ̀ ọ́ rẹ́gí. Mo ní, “Jemilat, mú sísọ́ọ̀sì ẹ wá.” Ọmọ mi wò mí, ó mú un wá. Mo fi fọ́ àbẹ́là, mo gbá páìpù náà mọ́ ẹsẹ̀ bẹ́ǹṣì. Ilẹ̀ inú rẹ̀ já bọ́ sórí iyanrìn dúdú àdúgbò wọn. Ó pupa fòò, ó le, kò tilẹ̀ fọ́.

Ẹnikẹ́ni kò rẹ́rìn-ín mọ́. Alàgbà Bámidélé bẹ̀rẹ̀, ó fi ìka kàn án. “Ilẹ̀ ibo nìyí? Ta ló rí irú èyí rí ní Ìwáyà?”

Mo kúnlẹ̀ ti Ọláìtán.

“Surulere ni,” ni mo wí, mo sì jẹ́ kí ohùn mi dé ọ̀dọ̀ ẹni tó jókòó sẹ́yìn pátápátá. “Èmi ni mo pààrọ̀ páálí rẹ̀. Ọláìtán, o bi mí, o ní ká padà lọ gbẹ́ ẹ, mo wo ojú ẹ, mo purọ́. Ilẹ̀ tí kọ̀ǹpútà ń gbọ̀n yẹn, kì í ṣe ilẹ̀ tí ẹ̀yin ń sùn lé. Tiyín ni iyanrìn tó tu jáde lábẹ́ ẹ̀rọ ọmọ mi. Ẹ dárí jì mí tí ẹ bá lè ṣe é, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ kó kúrò. Jemilat, má tú ọmọ yẹn sílẹ̀ lẹ́yìn ẹ. Máa lọ.”